Olórí Kíláàsì: Ìtàn Etí Ìgbọ́ àti Owó Ọ̀sẹ̀ nínú Ìjọ

Ó ti lé ní 280 ọdún tí àwọn ọmọ ìjọ tí a kò gbọ́wọ́ lé lórí, tí wọn kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti ń tọ́jú ọkàn ara wọn lábẹ́ ètò tí a ń pè ní kíláàsì. Nínú àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà ilẹ̀ Yorùbá, kíláàsì ni àwùjọ kékeré tí a pín àwọn ọmọ ìjọ sí, tí ẹnì kan nínú wọn, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, jẹ́ olórí rẹ̀. Òun ni ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti ẹni tí ilé rẹ̀ kò tòrò, òun kan náà ni ó sì ń gba owó tí kálukú ń dá, tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn òpìtàn ìjọ ti kọ púpọ̀ nípa àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti àwọn wòlíì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ opó títí ilẹ̀ fi ṣú, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé wọn. Ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ́ láti kọ, kò sì ṣeé kọ láìmẹ́nu ba owó, nítorí pé láti ọjọ́ tí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ ni etí tí ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àti ọwọ́ tí ń gba owó ti jẹ́ ti ẹnì kan náà.

Gbèsè ni ó bí kíláàsì. Ní ọdún 1739, John Wesley, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ di ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbẹ̀yìn, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjọ Elétò, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìpàdé kan tí a ń pè ní New Room sí ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò tíì san gbèsè ilé náà tán nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàdé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1742 láti gbèrò ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ọkùnrin kan tí a mọ̀ sí Captain Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn fèsì pé òtòṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Foy ní kí wọ́n fi 11 nínú àwọn tí ó tòṣì jù lọ sí abẹ́ òun, pé òun yóò máa yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó bá rí owó yóò san án, ẹni tí kò bá sì rí, òun yóò san tirẹ̀ fún un. Àwọn mìíràn gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì pín gbogbo ẹgbẹ́ sí àwùjọ ènìyàn bíi 12.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpinnu yẹn. Ẹni tí ó bá ń kan ilẹ̀kùn ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè ṣàìrí bí inú ilé náà ṣe rí, kò sì pẹ́ tí àwọn agbowó wọ̀nyí fi ń padà wá sọ fún Wesley pé àwọn bá ẹni báyìí báyìí nínú ìwà tí kò yẹ onígbàgbọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Wesley mọ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó wá bá òun yìí, nítorí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí àlùfáà kan lè mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Kí oṣù Kẹta ọdún náà tó parí, ó ti gbé ètò náà dé London. Ìṣòro àbẹ̀wò ilé hàn síta láìpẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sin ọ̀gá tí kò fẹ́ kí olórí kíláàsì wọ ilé òun, àwọn mìíràn kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ará ilé tí ń gbọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aáwọ̀ àárín ẹni méjì kò ṣeé parí àfi kí a pe àwọn méjèèjì jókòó. Nítorí ìdí wọ̀nyí ni wọ́n ṣe pinnu pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa pàdé lójú kan náà, kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ìwé òfin tí Wesley tẹ̀ jáde ní 1743 la iṣẹ́ náà sílẹ̀. Olórí kíláàsì ní láti rí olúkúlùkù ènìyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ó bèèrè bí nǹkan ṣe rí fún ọkàn rẹ̀, kí ó gbà á nímọ̀ràn, kí ó bá a wí, kí ó tù ú nínú tàbí kí ó gbà á níyànjú bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gbà, kí ó sì gba ohun tí onítọ̀hún bá fi tìfẹ́tìfẹ́ mú wá fún ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ bá òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn olùtọ́jú àpò, láti sọ ẹni tí ń ṣàìsàn àti ẹni tí ń rìn ségesège tí kò gba ìbáwí, láti sì jíṣẹ́ owó tí ó gbà. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìlànà yìí, pàápàá nínú bí ó ṣe fi ìbéèrè ṣáájú ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni irúgbìn ìṣòro tí ó dé lẹ́yìn wà, nítorí pé ẹni tí a ń tú ọkàn wa sílẹ̀ fún ni ó tún gbọ́dọ̀ lọ jíṣẹ́ ìwà wa níwájú ẹni tí ó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí, èyí tí a ń pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ni ẹ̀rí pé ènìyàn ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Láàárín àkókò kan náà ni Wesley tún dá àwọn olùbẹ̀wò aláìsàn sílẹ̀ ní London. Ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, ó ṣàlàyé pé àwọn olùtọ́jú àpò kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìsàn mọ́, ó sì yan ènìyàn 46 nínú àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn; ó pín ìlú sí ọ̀nà 23, ó sì fi ẹni méjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa rí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ìwé tàbí ọrọ̀ ni ó fi yàn wọ́n: ìwà pẹ̀lẹ́ àti ọkàn ìfẹ́ ni ó wò. Ó ní kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa ọkàn fún aláìsàn, kí wọ́n jẹ́ oníwà tútù àti onísùúrù, kí wọ́n jẹ́ onímọ̀tótó nínú ohun gbogbo tí wọ́n bá ṣe fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tí nǹkan ń rí lára. Ó ṣòro láti rí ìlànà kúkúrú tí ó ju èyí lọ fún ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn.

Àwọn obìnrin rí àyè nínú ètò yìí ju bí ìjọ ìgbà náà ti fún wọn lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1761, Sarah Crosby lọ darí kíláàsì ní ìlú Derby. Ènìyàn bí 30 ni ó ń retí, ṣùgbọ́n nǹkan bí 200 ni ó wá. Nítorí pé kò ṣeé ṣe láti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó sì sọ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe fún òun fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé sí Wesley láti bèèrè bóyá òun kọjá àyè òun, Wesley sì dáhùn pé kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Láti inú ìfetísílẹ̀ nínú àwùjọ kékeré ni àwọn obìnrin Mẹ́tọ́díìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí dé orí ìwàásù.

Oko ẹrú ni ọ̀nà tí kíláàsì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 ènìyàn dúdú, àwọn tí ó sá kúrò lábẹ́ àwọn olówó wọn ní Amẹ́ríkà nígbà ogun òmìnira, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí Nova Scotia ní Kánádà, wọkọ̀ òkun wá sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà láàárín wọn, lábẹ́ Moses Wilkinson tí ó jẹ́ afọ́jú oníwàásù, gbé kíláàsì wọn dání, wọ́n sì ṣe ìjọ fúnra wọn fún nǹkan bí ogún ọdún kí George Warren, ajíhìnrere àkọ́kọ́ tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán sí wọn, tó dé ní 1811. Lẹ́yìn òfin 1807 tí ó fòpin sí òwò ẹrú lórí òkun fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówò, wọ́n sì ń kó wọn sí Freetown; nígbà tí ogun abẹ́lé fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí a kó wá bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn, ọdún 1822 ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ó yẹ kí a ro ohun tí àwùjọ ènìyàn 12 jẹ́ fún irú àwọn ènìyàn báyìí. Ẹni tí a kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn tàbí ní Òwu kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ìdílé tí yóò bá a dá sí ọ̀rọ̀. Baálé tí ó yẹ kí ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ti kú tàbí ó ti sọnù sínú ogun. Kíláàsì fún un ní àwọn ènìyàn tí yóò bi í léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí nǹkan ṣe rí fún un, tí wọn yóò mọ̀ bí kò bá wá, tí wọn yóò sì sin ín bí ó bá kú. Kò yani lẹ́nu pé ètò náà kò dúró sọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì nìkan: àwọn ìjọ C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere àwọn Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Sàró gbà á, wọ́n sì lò ó bí ẹni pé tiwọn ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Láti 1839 ni àwọn tí a dá sílẹ̀ wọ̀nyí, àwọn tí a mọ̀ sí Sàró, ti ń padà sí Badagry àti Abẹ́òkúta. James Ferguson, ọ̀kan nínú wọn ní Badagry, kọ̀wé sí Freetown ní 1841 pé kí a rán ajíhìnrere sí àwọn. Thomas Birch Freeman, ọmọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àti obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, òun pẹ̀lú William de Graft láti Cape Coast. Ní oṣù Kejìlá ni Freeman gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Henry Townsend ti C.M.S. dé ìlú náà ní oṣù Kìíní ọdún 1843. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó kankan tó dé, àti lẹ́yìn tí Freeman ti padà sí Gold Coast, àwọn Sàró fúnra wọn ni wọ́n ń kó ara wọn jọ fún àdúrà, tí wọ́n ń bẹ ara wọn wò. Nígbà tí rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́lé ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, tí a sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí ó jẹ́ Yorùbá àti àwọn ọmọ ìjọ lásán ni kò jẹ́ kí ìjọ ibẹ̀ fọ́nká.

Kíláàsì kò bá ilẹ̀ Yorùbá nínú òfo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn ní àwọn àgbà ilé, ó sì ní babaláwo. Lọ́dọ̀ babaláwo, aṣèdáfá a máa mú owó, a máa fi ẹnu kàn án, a sì máa sọ ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí babaláwo má baà gbọ́. Ọ̀rúnmìlà ni a bá sọ ọ́, odù tí ó bá sì yọ ni yóò dáhùn. Ní ọ̀nà yìí, àṣírí ènìyàn bò títí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́ tú u. Nínú kíláàsì, níwájú ènìyàn 11 ni a ti ń sọ̀rọ̀, olórí sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àlùfáà. Àyípadà ńlá ni èyí fún ènìyàn tí a ti kọ́ láti kékeré pé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni à ń sọ lójú gbogbo ayé, ó sì jọ pé àwọn ajíhìnrere kò fi bẹ́ẹ̀ wo bí àyípadà náà ti wúwo tó.

Owó ni ó wá gba iwájú. Ní 1861, Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. ní London, tí ó gbàgbọ́ pé ìjọ gbọ́dọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, máa darí ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀, kọ ìlànà pé kí a pín àwọn onígbàgbọ́ sí àwùjọ kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, kí wọ́n máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa dá owó sínú àpò ìjọ ìbílẹ̀. Èrò náà dára, nítorí pé ó fi ọ̀wọ̀ fún agbára àwọn ènìyàn dúdú láti dá dúró. Nígbà tí ìjọ ìbílẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, owó kíláàsì di orísun owó oṣù àlùfáà, iṣẹ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Holy Johnson nítorí ìwà mímọ́ rẹ̀, ni C.M.S. fi ṣe alábòójútó ní Abẹ́òkúta ní 1877. Ó fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ owó kíláàsì àti ọ̀rọ̀ ẹrú ilé, ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí a mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880.

Láti ìgbà náà ni ìwé owó ti ń bo etí ìgbọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó tí òfin 1743 pè ní ọrẹ fún àwọn aláìní di gbèsè tí òtòṣì pàápàá ń jẹ, ẹni tí kò bá sì rí i san a máa yẹra fún olórí kíláàsì rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣófo gan-an ni ó nílò ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ọjọ́ ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn ènìyàn jù lọ, nítorí pé a máa ń bèèrè káàdì owó kíláàsì òkú, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì san ohun tí ó jẹ sílẹ̀ kí àlùfáà tó gbà láti sin ín. Ìwà búburú ni èyí, ì báà jẹ́ pé àìní ìjọ ni ó bí i. Agbára ìbáwí náà tún dá ẹ̀rù sílẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ìyàwó kejì mọ̀ pé bí òun bá sọ ìnira ilé òun nínú kíláàsì, òun lè pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1917, àwọn tí a yọ kúrò nínú Ìjọ Elétò ní Èkó nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ìjọ Eléja.

Ibi tí àwọn ènìyàn gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ hàn kedere lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ní ìjọ Saint Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣadáre àti Sophia Ọdúnlàmí kó àwọn aládùúrà jọ. Ní 1925, nígbà tí Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wọ inú ìran ní Èkó tí a sì pe Moses Orímọládé láti wá gbàdúrà fún un, Ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀. Ní 1930 ni ọ̀pọ̀ èrò tẹ̀ lé Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣíwájú wọ̀nyí kì í ṣe àlùfáà tí a gbọ́wọ́ lé lórí. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń tẹnu mọ́ nípa wọn ni ìwòsàn àti ìran rírí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àdúrà wọn tún dá ohun tí kíláàsì ti pàdánù padà: ẹni tí ó ní ìṣòro lè wá nígbàkígbà, ó lè sùn síbẹ̀, aríran tàbí ìyá àdúrà kan yóò sì jókòó tì í ní òun nìkan láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá agbẹ̀bí nínú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, èyí tí ó jáde láti inú iṣẹ́ Babalọlá, mọ̀ nípa ìbẹ̀rù àwọn aboyún ju bí ọ̀pọ̀ dókítà ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ọ láti oṣù mélòó kan kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé.

Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ ìjọ tún ṣàwárí iṣẹ́ náà lọ́nà mìíràn. Chad Varah, àlùfáà Áńgílíkà tí ó sin òkú ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní 1935, ọmọ tí ó pa ara rẹ̀ nítorí pé kò rí ẹni bi léèrè nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀, ṣí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan ní ìjọ Saint Stephen Walbrook ní London ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953 fún àwọn tí ayé sú. Àwọn ọmọ ìjọ tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń po tíì fún àwọn tí ń dúró de àlùfáà, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí Varah fi rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò láti rí òun mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1954 ó fi iṣẹ́ ìgbọ́rọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́. Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Kenneth Haugk, pásítọ̀ Lutheran tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ́ ọmọ ìjọ 9 ní 1975 láti máa jókòó ti ẹnì kan ṣoṣo fún nǹkan bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ó fi orúkọ Stéfánù, ọ̀kan nínú àwọn méje tí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé a yàn láti bójú tó àwọn opó, pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn olùgbọ́ wọ̀nyí bá pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì jíṣẹ́ ìwà ẹnikẹ́ni níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ohun tí òfin 1743 so pọ̀ ni Haugk tú sílẹ̀.

Ní ìjọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, báńkì ni a ń san owó kíláàsì sí, olórí kíláàsì kò sì nílò láti máa káàkiri pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá mọ́. Ìtura ni èyí fún òtòṣì tí ń sá fún un, ṣùgbọ́n ó ti mú ìdí kan kúrò tí ẹnì kan fi ń kan ilẹ̀kùn arúgbó tí ó dá gbé, nítorí pé bí ìwé owó ti ń dẹ́rù ba ènìyàn tó, òun náà ni ó ń gbé ẹsẹ̀ olórí kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìjọ kan ti yan ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò, tí ó sábà máa ń jẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n ti sinmi iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń lọ ní méjì méjì, wọn kì í mú rìsíìtì dání, inú àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò sì máa ń dùn láti sọ̀rọ̀.